Ẹ̀wà Sóyà Tí A Kò Yan

Mowe,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí àwọn adìẹ rẹ náà, iye yòówù kí wọ́n ṣẹ́kù nígbà tí lẹ́tà yìí bá fi máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí o tó jókòó kà á, jọ̀ọ́, lọ kó ẹ̀wà sóyà tó bá kù nínú ọpọ́n oúnjẹ wọn dà nù. Gbogbo rẹ̀ o. Má ṣe wò ó pé ó ṣì dára. Tí o bá ti kó o tán, wá ka ìyókù.

Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù lánàá. Ohun tí o fi dá mi lóhùn ni kò jẹ́ kí n rí ìsinmi láti ìgbà náà. O ní, “Màámi, lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ ní kí n fún wọn. Lónìí, ẹ ní kí n má fún wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè mọ èyí tí mo máa dì mú.” O ò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn fún mi ká ní o pariwo. Bí o ṣe rọra sọ ọ́ yẹn ni mò ń gbọ́ létí nígbà tí mo bá ń ránṣọ, òun náà ni mò ń gbọ́ ní kíláàsì.

Nínú àgbébọ̀ méjìlélógún tí o ní, méjì ti kú. Ogún tó kù ò yé mọ́, wọ́n kàn ń ká apá jọ bí ẹni tí òtútù ń mú. O sì ti ní o máa kó wọn lọ sọ́jà Ifọ ní ọjọ́ Sátidé, kí o gbàgbé ọ̀rọ̀ adìẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí kíákíá. Ìyá Ṣadé tí a jọ ń ránṣọ ń lọ sí Ifọ ní Ọjọ́bọ̀, òun ni mo máa fi í rán. Mò ń bẹ̀ ọ́, má ṣe gbé wọn lọ sọ́jà kí o tó kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ délẹ̀.

O mọ bí gbogbo yín ṣe gbà á nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀sìn nílé-ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Inú rẹ dùn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Títí dòní, tí mo bá ti wọlé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ìyá Moji, ṣé wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà lónìí?” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ tí a jọ wà ní ọdún kìíní, mo lè bí wọn. Wọ́n ń yára kọ̀wé, èmi ń wá ìlà tí mo ti dúró. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kò ju ìwọ lọ lọ́jọ́ orí. Èmi ń pè é ní Mà, òun náà ń pè mí ní Mà. Mi ò tíì mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ń ka àwọn ohun tí èèyàn lè pò pọ̀ fún adìẹ nílé dípò oúnjẹ inú àpò. Àgbàdo, ẹ̀wà sóyà, kúlíkúlí, èèrí, ìkarawun ìgbín tí a gún. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn, torí ó jẹ́ ohun tí mo mọ̀ lójú. Bí ó ṣe ṣí ojú ìwé kejì, mo wo aago, mo rántí oníbàárà kan tó ń dúró de bùláòsì rẹ̀. Mo rọra gbé báàgì mi, mo gba ẹ̀yìn kíláàsì jáde. Mo ní kí ló tún kù tí wọ́n máa sọ nípa àgbàdo tí èmi ò mọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lo pè mí. O ní àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ ń ṣàròyé pé pupa ẹyin náà ti ń funfun jù, pé aládùúgbò rẹ kan ní kẹ́míkà ló kún inú oúnjẹ àpò, pé ẹni tó bá ń jẹ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ máa wú. O bi mí pé kí lo máa ṣe.

Ǹ bá ti sọ pé, “Dúró kí n bèèrè.” Kí ni mo sọ? Mo ní, “Ṣé ìyẹn náà ló ń dà ọ́ láàmú? Dá oúnjẹ àpò dúró. Ra àgbàdo, ra ẹ̀wà sóyà, lọ̀ ọ́ pọ̀. Oúnjẹ tí Ọlọ́run dá ló dára jù.”

O ní, “Màámi, ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní, “Ṣé èmi ni mò ń lọ sílé-ìwé, àbí ìwọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ń tì mí lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ajé, ìyẹn àná, ni a tún gbé ẹ̀kọ́ náà yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó tì mí, Tósìn lorúkọ rẹ̀. Ó ń wo ìwé mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ò kọ ‘yan’ síbẹ̀.”

“Yan kí ni?”

“Ẹ̀wà sóyà nà. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ yan án kí adìẹ tó jẹ ẹ́. Ojú ìwé kejì.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ ti fún tiyín jẹ ni, Mọ́mì? Ẹ sọ òótọ́ o!”

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sókè. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé yẹn, mi ò nawọ́ sókè rí. Mo bèèrè lójú gbogbo wọn pé, bí èèyàn bá ti fún adìẹ ní sóyà tí kò yan fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?

Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara adìẹ lo oúnjẹ tó bá jẹ. Wọ́n á jẹ, wọ́n á yó, ṣùgbọ́n ebi láá máa pa ara wọn. Iná nìkan ló ń pa nǹkan ọ̀hún. Ó ní kí ẹni náà yọ ọ́ kúrò kíá, kí ó dá wọn padà sórí oúnjẹ tí wọ́n mọ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n á tún yé? Ó ní ọ̀pọ̀ wọn máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Mo bi í nípa àwọn méjì tí o ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé wọ́n kú. Ó ní òun ò rí wọn, òun ò lè sọ ohun tó pa wọ́n. Èmi náà ò lè sọ, Àbẹ̀kẹ́. Ó lè jẹ́ sóyà. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Mi ò ní parọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí mo jáde síta láti pè ọ́ ni ohun tó dùn mí jù wá sọ́kàn mi. Mo mọ̀ ọ́n! Nígbà tí mo fẹ́ já ọ lẹ́nu ọmú, ẹ̀wà sóyà ni mo ń fi sínú ògì rẹ, èmi ni mo sì ń yan án fúnra mi nínú agbada, títí eèpo rẹ̀ á fi máa bó. Ìyá kan kì í fi sóyà tútù sínú ògì ọmọ. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o ò tíì lè rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé inú ìwé ilé-ìwé, mo gbàgbé ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, mo ń wá ohun tí mo kọ. Ohun tí mo kọ náà ò sì pé.

Ó dáa. Èyí tí o máa dì mú nìyí.

Èkíní. Dá wọn padà sórí oúnjẹ àpò ti àwọn adìẹ ẹlẹ́yin lọ́jọ́ tí o bá gba lẹ́tà yìí. Òun ni wọ́n ti ń jẹ láti kékeré, ara wọn mọ̀ ọ́n. Fún wọn ní omi tó mọ́, kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Má fi nǹkan kan kún un. Má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fún wọn ní àgbo, tàbí oògùn tí wọ́n ń gbé kiri ọjà. Bí ó bá tún rẹ òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, pe dókítà ẹran, má pe èmi.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ. Kò burú pé o gbọ́ ọ. Ohun tó burú ni pé èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wá látinú ilẹ̀ tàbí látinú omi ló dára fún adìẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé bàbá rẹ, ìlú Àgbàdo là ń gbé, lẹ́bàá ojú irin. Mo ní àgbébọ̀ mẹ́fà. Obìnrin kan tó ń ta ẹja oníyọ̀ máa ń gbọn ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀ fún mi, gbogbo èérún àti eruku ẹja. Mo ní ẹja ni, ẹja dára, adìẹ á sanra. Mo dà á fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó yá, omi ni wọ́n ń mu ṣáá, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mẹ́rin ti kú. Iyọ̀ ló pa wọ́n. Mo sọ fún bàbá rẹ pé àrùn ló wọlé. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ rẹ̀ fún.

Torí náà, ohun yòówù tí o bá fẹ́ fún wọn látinú ilé ìdáná rẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, ṣé iyọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé ó ti bu? Ṣé ó yẹ kí iná kàn án? Bí o ò bá mọ̀, dà á nù.

Má sì rò pé mò ń sọ oúnjẹ àpò di òrìṣà báyìí. Òun náà ní tirẹ̀. Nígbà tí a kó wá sí Ìbafò, mo gbé àpò kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Nígbà tí mo tú u, ó ti dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bu, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo fọ́ ọ, mo sá a, mo dà á fún àwọn adìẹ wa, mo ní kí n má fi oúnjẹ ṣòfò. O rántí ọdún yẹn? Ìwọ lo sunkún lórí àkùkọ pupa tó kú, èyí tí o ti ń bẹ̀ wá pé kí a má pa jẹ. Mo sọ fún ọ pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló pé. Kò gbó o, Àbẹ̀kẹ́. Gbé àpò rẹ sórí pákó, jìnnà sí ògiri. Ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò kí o tó rà á, torí ti ọmọ adìẹ yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́yin.

Ní ti pupa ẹyin tó ń funfun, mo bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Ó ní kì í ṣe kẹ́míkà. Ewé ni wọn ò rí jẹ, torí inú àgò ni wọ́n wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ara wọn bá yá tán, tí wọ́n bá ti ń yé, máa já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán kí o tó jẹun tìrẹ tán. So ó rọ̀, kí wọ́n máa fò ṣá a jẹ, wọ́n á gbádùn rẹ̀. Èèrí ògì náà dára, ṣùgbọ́n bù ú kékeré, kó má di pé èèrí nìkan ló ń kún inú wọn. Da yanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ sí igun kan fún wọn. Adìẹ ò léyín, òkúta yẹn ló ń bá wọn lọ oúnjẹ nínú iwe wọn.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀ka kẹta síbí, lórí bí èèyàn ṣe lè máa po oúnjẹ wọn fúnra rẹ̀ pátápátá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo pa á rẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n dé ibẹ̀ yẹn. Mo mọ pé àgbàdo nìkan ò lè gbé ẹyin jáde. Mo mọ pé tí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ adìẹ, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀kúnwọ́ kan tuntun sínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, fún ọjọ́ bíi méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan, àwọn adìẹ tèmi ni mo máa kọ́kọ́ fún jẹ, kì í ṣe tìrẹ.

Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, bi í pé, “Ṣé ẹ ti ṣe é rí, àbí ẹ gbọ́ ọ ni?” Kódà bó jẹ́ èmi ni. Pàápàá bó jẹ́ èmi ni. O bi mí lọ́jọ́ yẹn, mo fi àgbà pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Tí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe àfojúdi.

Ohun kan kù tí mi ò fẹ́ kọ. Ọkọ rẹ pè mí láàárọ̀ yìí.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Moji ò mọ̀ pé mò ń pè yín o. Ọ̀rọ̀ Sátidé yìí, kì í ṣe Moji ló fẹ́ tà wọ́n.”

Mo ní, “Ta ni?”

Ó ní ìyá òun ni. Ó ní ṣe ni màmá bi ọ́ pé ta ló ní kí o já àwọn adìẹ kúrò lórí oúnjẹ wọn, nígbà tí àwọn ti kìlọ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí o fi wọ́n sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Ó ní o kúnlẹ̀, o ní, “Orí ara mi ni mo ti rò ó, mà.” Màmá wá ní ìyàwó tí kì í gbọ́ràn ò lè máa sin nǹkan nínú ọgbà àwọn, pé tó bá di Sátidé, kí àgò náà ṣófo.

Mo ní, “Lékan, kí ló dé tí ò fi dárúkọ mi?”

Ó ní, “Mọ́mì, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa, pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé-ìwé.”

Mo jókòó sídìí maṣíìnì mi, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbé lẹ́tà yìí lọ fún ìyá ọkọ rẹ, kí o kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀, àti ẹja oníyọ̀, àti àkùkọ pupa, má fo ìkankan. Tí o bá dé ibí yìí, èmi gan-an ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá wa, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi ìyá Mojísọ́lá ni mo ní kó dá oúnjẹ àpò dúró, èmi ni mo ní kó fi sóyà dípò rẹ̀, mi ò sì sọ fún un pé kó yan án. Ẹ̀yin lẹ rí èyí tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún àwọn adìẹ yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí wọn ò bá yé, ẹ kó wọn lọ sọ́jà, mi ò ní bínú. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má sọ mọ́ pé ọmọ mi ò gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn. Èmi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìyá Moji,
akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.